Ìwé Tí A Tẹ̀ Ní Ayé Fóònù: Ẹ̀kọ́ Láti Abẹ́òkúta

Bí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú bá sún mọ́lé ní Abẹ́òkúta lóde òní, orí fóònù ni ìkéde rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ jáde. Ọmọ kan nínú ẹbí á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á to àwòrán àti ọ̀rọ̀ pọ̀, á fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ará ilé tó wà ní Kẹ́mta, ní Èkó, ní London àti ní Houston ti rí i. Owó tí wọn ì bá fi tẹ káàdì ti di owó oúnjẹ. Ó yá, ó rọrùn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ìpè kò kan òun.

Ṣùgbọ́n níbo ni ìpè náà yóò wà ní ọdún 20 sí àkókò yìí? Àwọn tó lo fóònù nígbà tí BlackBerry gbòde mọ ìdí tí a fi ń béèrè. Ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 2019, àwọn tó ń bójú tó BBM ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa mọ́ àwọn tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán ìgbéyàwó, ìkíni ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ ìtùnú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, èyí tí ẹni tó ni ín kò bá ti kó kúrò ńbẹ̀ bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà ṣì wà nínú àpótí ìyá àgbà ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹ̀gbá. Ojú ìwé náà ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ká, síbẹ̀ ẹni tó bá mú un yóò kà á, kò sì ní í béèrè iná mànàmáná tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí ni pé iṣẹ́ ọnà ìtẹ̀wé kò tíì di ohun àná. Ìkéde lè máa gba orí fóònù lọ, kò burú. Ẹ̀rí ẹbí, orúkọ ẹbí àti ìtàn ẹbí ni a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún fóònù nìkan.

Ìlú tí ìwé ìròyìn ti kọ́kọ́ rí ojú ayé

Kò sí ìlú tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe Abẹ́òkúta. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, tẹ̀dó sí ìdí àpáta Olúmọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1843 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà, ó sì padà wá ní 1846 láti máa gbé ibẹ̀. Nígbà tó yá, ó kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ̀lú, ó sì fi iṣẹ́ náà kọ́ àwọn ọmọ ìlú. Ní 1859, ìwé kan jáde láti ibẹ̀ tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ *Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá*. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó fi apá kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 15 ni ó ń jáde. Èrò Townsend ni pé kí ó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa wá ìròyìn nínú ìwé kíkà. Ìròyìn ìjọ, ìrìbọmi, ikú, ọ̀rọ̀ òwò òwú, àti ìròyìn ogun Ìjàyè tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, gbogbo wọn ni wọ́n rí àyè nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí láyé ìgbà náà. Òjé ni wọ́n fi ń rọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ a sì yí padà bí ìgbà tí a bá ń wo ìwé nínú jígí. Ẹni tó ń to lẹ́tà á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, á tò wọ́n di ìlà, á to ìlà di ojú ìwé, á fi yíǹkì pa á, á tẹ́ bébà lé e, á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí àyè bá tán, ó tán nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ ju ojú ìwé lọ, dandan ni kí ẹnìkan jókòó, kí ó ro ó dáadáa, kí ó sì mọ èyí tí yóò yọ kúrò. Bí orúkọ bá ṣì, àfi kí wọ́n tú ìlà náà kí wọ́n tún un tò. Ìnira yìí ni ó kọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ní àrojinlẹ̀. Ohun tí yóò ná ni lówó àti lágbára kì í jẹ́ kí á kánjú ṣe é.

Iṣẹ́ náà kò sì pẹ́ kí ó tó tàn kálẹ̀. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé láti kékeré, wà lára àwọn tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 1859. Ní 1863, òun náà dá ìwé ìròyìn *Anglo-African* sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá sì ń ṣe ìjọba ara wọn láti 1898 títí di 1914, ìjọba náà ní ìwé ìkéde tirẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ jáde. Wọ́n ti mọ̀ nígbà náà pé òfin tí a kò tẹ̀ sórí ìwé, ẹnu ni yóò máa yí i.

Ẹ̀rọ parun, ìwé kù

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, aáwọ̀ tó wà láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bú gbàmù. Wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì fọ́ ilé ìjọsìn wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá a lọ, *Ìwé Ìròhìn* sì dákẹ́.

Àmọ́ ìwé tó ti jáde kò bá ẹ̀rọ kú. Àwọn ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tó rà á, àwọn mìíràn ti sọdá òkun. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń rí díẹ̀ lára wọn kà títí di òní ní àwọn ilé àkójọ ìwé. Orúkọ ìwé náà kò sì parẹ́ nílé: gbọ̀ngàn àwọn oníròyìn ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Ìlèwó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn títí di òní. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, tí wọ́n sì tì í mọ́ inú ilé kan, ọjọ́ kan péré ni ì bá gbé e lọ.

Ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson tún mú ọ̀rọ̀ yìí yé wa sí i. Ní 1897 ni ó parí ìwé ńlá tó kọ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Ìwé náà dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Nígbà tí ó tún fi í ránṣẹ́ sókè òkun ní 1916, ọkọ̀ ojú omi *Appam* tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú ogun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni *The History of the Yorubas* tó wá di títẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ tó lè rì, kò sì sí ilé tó lè jó, tí yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ wa mọ́, nítorí ẹ̀dà rẹ̀ ti wà káàkiri ayé.

Nígbà tí ìwé Johnson wà ní ẹyọ kan, ó dà bí àwòrán tó wà lórí fóònù ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n bá jí fóònù rẹ̀ nínú mọ́tò ní Ìtòkú mọ ohun tí à ń wí.

Àmì abẹ́ lẹ́tà

Ohun mìíràn wà tí ìtẹ̀wé fún wa tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Àwọn lẹ́tà tí a fi ń kọ Yorùbá lónìí, àwọn òǹtẹ̀wé ni ó kọ́kọ́ ru wàhálà wọn. Kí ẹ, ọ àti ṣ tó lè hàn lójú ìwé, ẹnìkan ní láti rọ lẹ́tà òjé tirẹ̀ ọ̀tọ̀, pẹ̀lú àmì lábẹ́. Ní 1875, ìjọ CMS pe ìpàdé kan ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà, kí àkọtọ́ lè jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tó di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá. Ìwé títẹ̀ ló sọ ìpinnu yìí di àṣà: ohun tí ọmọ rí nínú ìwé àkàgbádùn rẹ̀ ni ó kọ sínú lẹ́tà sí ìyá rẹ̀.

Lórí fóònù ńkọ́? Kọ̀ǹpútà mọ ẹ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì ohùn lé e, tó di ẹ́, kò sí àyè kan ṣoṣo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà àgbáyé ń lò. A ní láti to lẹ́tà àti àmì pọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń fò kúrò lórí lẹ́tà nígbà mìíràn, tí àpótí òfìfo sì máa ń hàn níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ wa wá sọ ara wa di ọ̀lẹ, a fi àmì sílẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Ẹ̀gbá gan-an. Ẹ wo orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó: Ṣóyínká, Ṣódípọ̀, Ṣówándé. Oṣó ni ó wà nínú wọn, òun ni ó sì ń sọ irú ilé tí wọ́n ti bí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Bí a bá yọ àmì abẹ́ ṣ, tí a yọ àmì ohùn, orúkọ náà ti di ariwo lásán. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a kò bá kọ orúkọ náà bó ṣe tọ́, báwo ni ọmọ ọmọ yóò ṣe mọ ilé tí wọ́n wò? Káàdì tí a tẹ̀ dáadáa, tí orúkọ ìyàwó àti ọkọ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì, jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọtọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gbà á.

Ọnà ìlú wa kò bẹ̀rẹ̀ lórí bébà

Bí a bá sọ pé òyìnbó ló mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá, kì í ṣe òun ló kọ́ Abẹ́òkúta ní bí a ṣe ń to ọnà sójú àyè kan. Ẹ lọ sí Ìtòkú, ní ọjà àdìrẹ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n mọ Abẹ́òkúta mọ́, wọ́n máa ń gé ọnà sára páànù pẹlẹbẹ. Wọ́n á tẹ́ páànù náà sórí aṣọ funfun, wọ́n á fi ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún rò ra ojú rẹ̀, wọ́n á gbé páànù kúrò, ọnà á sì kù sójú aṣọ. Bí wọ́n bá ri aṣọ náà bọ aró, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní í mu aró. Kí ni èyí bí kì í bá ṣe ìtẹ̀wé lórí aṣọ? Páànù kan lè tẹ ọgọ́rùn-ún aṣọ, bí òjé ṣe ń tẹ ọgọ́rùn-ún ìwé.

Aṣọ náà sì ń pa ìtàn mọ́. Àdìrẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Olọ́ba. Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ayaba rẹ̀ Mary ni wọ́n yà sójú rẹ̀, láti fi rántí àjọyọ̀ ọdún 25 ọba náà lórí ìtẹ́ ní 1935. Ayẹyẹ náà ti parí, ọba náà ti kú, ìjọba rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ wa, síbẹ̀ ọnà náà wà.

Lónìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun ní àwòrán àdìrẹ ti kún ọjà, ó sì ń ṣe òwò àwọn aláró níbi. Olówó pọ́ọ́kú ni, ó sì jọ ọ́ lójú àwòrán orí fóònù. Ọwọ́ ni í dá a mọ̀: ẹni tó bá fọwọ́ pa á, tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, tó gbóòórùn aró, yóò mọ èyí tó ti ọwọ́ ènìyàn jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé rí. Ìwúwo bébà lọ́wọ́ ń sọ fún àlejò pé a ka ọjọ́ náà sí.

Ìwé ètò àti kàlẹ́ńdà: àpótí ìtàn ẹbí

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé kọ̀ọ̀kan jù lọ ni ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ ṣí ọ̀kan tó dára wò. Àwòrán olóògbé wà níwájú, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú lábẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ìtàn ìgbésí ayé wà: bóyá ọmọ Aké ni, tàbí ọmọ Òkè-Ọnà, tàbí Gbágùúrá, tàbí Òwu, ilé ìwé tó lọ, iṣẹ́ tó ṣe, oyè tó jẹ nínú ìjọ tàbí ní ìlú. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn ọmọ, láti orí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn, àwọn ọmọ ọmọ, àti àwọn ìbátan.

Ìwé yìí kì í dédé wáyé. Kí ó tó lọ sílé ìtẹ̀wé, ẹbí á jókòó. Wọ́n á jiyàn lórí ọdún tí wọ́n bí bàbá, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n tó kù lágbo lórí fóònù, wọ́n á bá ara wọn sọ òkodoro ọ̀rọ̀ lórí ọmọ tí wọ́n bí síta. Nígbà mìíràn, ibi ìjókòó yẹn ni àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn ní ẹ̀gbọ́n mìíràn. Òǹtẹ̀wé ń dúró, ọjọ́ ìsìnkú ń bọ̀, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí ìwé náà bá ti jáde, tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn gbé e lọ sílé, ẹbí ti jẹ́rìí níwájú ayé. Ní ọjọ́ tí aáwọ̀ bá dé lórí ilẹ̀ tàbí ilé, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó wọ yàrá lọ mú ìwé ètò jáde.

Àwòrán tí a fi sórí status ní wákàtí 24 kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n lè pa á rẹ́, wọ́n lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó kí ó tó jáde.

Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ náà ń kó ipa tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà máa ń tẹ̀ ẹ́: baba ìsàlẹ̀ lókè, alága láàárín, àwọn olóyè yí i ká, orúkọ lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ọdún náà á parí, kàlẹ́ńdà á ṣì wà lára ògiri. Àwọn ọmọ á dàgbà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì mọ ojú àti orúkọ àwọn tó kọ́ àdúgbò wọn láìsí ẹni tó kọ́ wọn.

Ohun tí fóònù fi ju ìwé lọ

Òtítọ́ kò gbọdọ̀ ṣojúsàájú. Fóònù ń dé ibi tí ìwé kò lè dé. Ó ń gbé ohùn ìyá àgbà tó ń ki oríkì, bébà kò lè ṣe é. Àṣìṣe orí fóònù ṣe é tún ṣe. Àṣìṣe inú ìwé á máa wo ni lójú títí ayé. Ìwé títẹ̀ ń náni lówó, pàápàá bí bébà ṣe gbówó lórí lóde òní. Omi, ikán àti oòrùn sì jẹ́ ọ̀tá ìwé.

Nítorí náà, kí á mú méjèèjì pọ̀. Ohun tó jẹ́ ìkéde, kí ó máa lọ sórí fóònù. Ohun tó jẹ́ ẹ̀rí, kí á tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Kò di ìgbà tí ẹ bá ní owó rẹpẹtẹ. Àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí tó fún ẹbí tó bá fẹ́:

– Bí káàdì ìpè bá jẹ́ ti orí fóònù, ẹ tẹ ẹ̀dà 20 péré fún àwọn òbí, àwọn àgbà àti àpótí ilé.

– Ẹ kọ orúkọ gbogbo pẹ̀lú àmì rẹ̀ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lọ sílé ìtẹ̀wé, ìbáà jẹ́ ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ṣómólú l'Ékòó. Gboard orí fóònù ní bọ́tìnnì Yorùbá. Ẹ wo bí àmì ṣe jókòó lórí ẹ̀dà àyẹ̀wò kí ẹ tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

– Ẹ jẹ́ kí àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan jọ ka ẹ̀dà àyẹ̀wò náà. Àgbà mọ ìtàn, ọ̀dọ́ mọ àkọtọ́.

– Lọ́dọọdún, ẹ yan àwòrán 12 nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà lórí fóònù, ẹ tẹ̀ wọ́n, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ sẹ́yìn wọn.

– Ẹ fi ẹ̀dà méjì gbogbo ìwé ẹbí pamọ́ sí ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú àpò gbígbẹ, níbi tí oòrùn kò dé. Ẹ ya àwòrán wọn sórí fóònù pẹ̀lú.

– Bí ẹbí bá tẹ odindi ìwé ìtàn jáde, òfin Nàìjíríà ní kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde fi ẹ̀dà 3 sí ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀. Ọ̀nà kan nìyẹn tí ọmọ ọmọ yín yóò fi rí i.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Fóònù ti ní àwòrán ju gbogbo àpótí inú ilé wa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn bébà tó ti gbó, tó ti la Ìfọ́lé kọjá, tó ti la ogun àti òjò kọjá, àwọn ni a fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 160 sẹ́yìn. Ohun tí àwọn ọmọ wa yóò fi mọ̀ wá, ọwọ́ wa ló wà báyìí. Bí ayẹyẹ bá tún kàn ní ilé yín, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: èyí tí a ó fi sínú àpótí ńkọ́?